Aṣọ Alábùlẹ̀ Ìdílé: Ta Ni Yóò Ka Ìtàn Inú Rẹ̀ fún Wa?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní òwe yìí, ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé ìrírí ni ó ń tọ́ka sí, pé àkísà dúró fún ọdún tí àgbà ti lò láyé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń rò ó pé bóyá a máa ń yára fo ìtumọ̀ àkọ́kọ́ kí a tó dé ibi ìtumọ̀ kejì. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí rí àkísà ní ti gidi. Ó rí àgbà tí ó di ìrépé aṣọ sínú àpótí, tí kò jù ú nù, tí ó sì mọ ọjọ́ tí ó ra ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ìdí tí ó fi rà á. Àkísà yẹn gan-an, èyí tí a lè fọwọ́ kàn, ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Ohun tí ó ta mí jí sí ọ̀rọ̀ náà wà ní ilé àbúrò mi obìnrin ní Raji Rasaki Estate, ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, ìpínlẹ̀ Èkó. Àdúgbò yìí kò jìnnà sí Festac Town tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ láti fi gba àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn adúláwọ̀ ti ọdún 1977. Orúkọ Ọ̀gágun Raji Rasaki, tí ó ṣe gómìnà ológun ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 1988 di ìbẹ̀rẹ̀ 1992, ni wọ́n fi sọ ẹ̀sìtéètì náà. Mo sọ èyí kí òǹkàwé lè mọ irú ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Kò sí agbo ilé níbẹ̀, kò sí ojúde baba ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó wà ní ilé kìíní lè wá láti Ìlárá, kí ti ilé kejì wá láti Ọ̀kà, kí ti ilé kẹta má sì gbọ́ Yorùbá rárá. Ní irú ibi báyìí, bí ìdílé kan kò bá gbé ìtàn rẹ̀ dání nígbà tí ó ń kó bọ̀, kò ní bá a níbẹ̀.

Ilé yìí ni ìyá wa ti lo ọdún méje tí wọ́n lò kẹ́yìn láyé. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Nígbà tí wọ́n papò dà ní ọdún 2016, àpótí páànù méjì tí ó kún fún aṣọ ni wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Èmi tí mo ń gba owó oṣù nítorí pé mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àṣà Yorùbá, èmi ni mo kọ́kọ́ dá a lábàá pé kí á kó àwọn aṣọ náà fún àwọn aláìní, kí á sì fi èyí tí ó ti gbó jù nu ilẹ̀. Mo ní kò sí àyè. Mo ní ọ̀rinrin àdúgbò yẹn yóò mú kí gbogbo wọn bu kí ọdún tó yípo. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní tirẹ̀ fẹ́ kí á pín wọn bí a ṣe ń pín ogún, kí olúkúlùkù gbé tirẹ̀ lọ. Àbúrò mi ni kò gbà fún àwa méjèèjì. Ó bi wá pé bí a bá pín in sí ilé mẹ́rin, ilé wo ni ọmọ tòun yóò lọ kí ó tó lè mọ ìyá àgbà rẹ̀? A kò rí èsì fọ̀. Ó wá mú abẹ́rẹ́.

Oṣù mẹ́sàn-án ni ó fi ṣe iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí ó bá ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ dé. Ó gé ìrépé kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn aṣọ tí ó ṣà, ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú, ẹsẹ̀ bàtà kan lóròó. Ìrépé 24 ni gbogbo rẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin ní ìlà mẹ́fà, tí ó fi tó ohun tí a lè fi bo bẹ́ẹ̀dì. Ó tẹ́ ìró àtijọ́ kan sí àárín kí ó lè nípọn, ó sì fi aṣọ funfun tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọwọ́ ni ó fi rán èyí tí ó pọ̀ jù, nítorí télọ̀ tí ó wà ní òpópónà wọn gbìyànjú rẹ̀ títí, ẹ̀rọ kò gbà: òfì nípọn jù, léèsì fúyẹ́ jù, bí a bá so méjèèjì pọ̀, ọ̀kan a máa fa èkejì ya.

Ẹ jẹ́ kí n mú díẹ̀ nínú àwọn ìrépé náà. Èyí tí ó wà ní igun òkè lápá ọ̀tún jẹ́ ẹtù, ó dúdú bí ìyẹ́ ẹyẹ tí a fi sọ orúkọ rẹ̀. Ara agbádá tí bàbá wa wọ̀ níbi ìgbéyàwó wọn ní ọdún 1970 ni a ti gé e. Sányán ni ó tẹ̀ lé e, ti bàbá ìyá wa. Bí a bá ń kọ́ ọmọ pé ara òwú tí kòkòrò inú igbó ta ni sányán ti ń jáde, ó yẹ kí ọmọ náà fọwọ́ pa irú èyí wò, nítorí aṣọ òkè dídán tí ó kún ọjà lónìí kò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ní ìlà kẹta ni aṣọ FESTAC wà. Àwòrán ìbòjú Ìyá Ọba Ìdíà ti Bìní, tí wọ́n fi ṣe àmì àjọ̀dún náà, ni ó wà lára rẹ̀. Eyín erin ni wọ́n fi gbẹ́ ìbòjú gidi ní sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún. Ó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tí ó wà ní ìkáwọ́ wọn kò sì gbà láti yá wa lò ní ọdún 1977. Ìyá wa ra aṣọ náà nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ kíláàsì wọn wá wòran ní Èkó. Wọn kò lè mọ̀ nígbà náà pé ìtòsí ìlú tí wọ́n kọ́ fún àwọn àlejò yẹn ni àwọn yóò ti lo ọjọ́ alẹ́ àwọn.

Kámpálà wà níbẹ̀, gínní wà níbẹ̀, aṣọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, aṣọ ẹbí tí a dá fún òkú àti ìgbéyàwó sì pọ̀ ju ohun tí mo lè kà lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn jù ni ìrépé àdìrẹ kan tí aró rẹ̀ ti ṣí. Àbúrò mi rò pé àdìrẹ lásán ni. Télọ̀ tí ó ń bá a gé aṣọ tilẹ̀ ti fẹ́ fi èyí tí ó ṣẹ́kù nu òróró ara ẹ̀rọ rẹ̀. Àbúrò ìyá wa kan, tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ni ó dá a dúró. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ò mọ Olóba mọ́ ni?” Wọ́n ní kí á tẹ́ ẹ sójú fèrèsé. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kàn án, lóòótọ́ ni a rí orí tí ó dé adé.

Àwọn akẹgbẹ́ mi kan mọ ohun tí Olóba jẹ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ọ́ nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí oyè ní ọdún 1935, tí wọ́n sì ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní gbogbo ibi tí ó wà lábẹ́ àkóso wọn, àwọn alárò wa gbé àwòrán ọba náà àti ti Olorì Mary sára àdìrẹ. Bákan náà ni wọ́n ṣe gbé òpó Mápó Hall, tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní ọdún 1929, sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn. Ẹ wò ó: àwọn obìnrin tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni ó fi ẹ̀kọ, ìyẹ́ adìyẹ àti aró ṣàkọsílẹ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú wọn. Ìyá ìyá wa ra Olóba tiwọn nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ìyàwó ojú ọ̀nà. Bí kì í bá ṣe ti àbúrò ìyá wa tí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òróró ẹ̀rọ ni ìbá gba ìyókù rẹ̀.

Ìrépé kan ṣẹ́kù tí ẹnikẹ́ni kò dá mọ̀. Ó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ojú ọ̀run, òdòdó wẹ́wẹ́ sì wà lára rẹ̀. Ìyá wa fi ìwé ìròyìn wé e lọ́tọ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí, èyí tí ó fi hàn pé wọ́n kà á sí ju àwọn yòókù lọ. Àbúrò wọn ní ti ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú ẹ̀gbọ́n wa ni, èyí tí kò dúró. Ẹ̀gbọ́n wa ní rárá o, aṣọ tí wọ́n wọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni. Ọ̀nà ìtàn méjèèjì yìí jìn síra. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ọmọ ìyá wa kan wà tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ẹni tí ó lè parí àríyànjiyàn náà bá àbúrò mi gbé fún odidi ọdún méje, àwa yòókù sì ń wọlé wọ̀de níbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wa tí ó ní kí wọ́n ṣí àpótí náà kí á jọ wò ó.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. A máa ń sọ ọ́ nínú ìwé àti nínú kíláàsì pé aṣọ Yorùbá ń sọ̀rọ̀. Mo ti sọ ọ́ títí tí ó fi di àṣà sí mi lẹ́nu. N kò gbà á gbọ́ mọ́. Ènìyàn ni ó ń sọ̀rọ̀. Aṣọ ń ràn án létí ohun tí yóò sọ ni. Bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá ti lọ láìsọ, tàbí tí ó sọ tí a kò kọ ọ́ sílẹ̀, ìrépé aṣọ ni yóò kù lọ́wọ́ wa. Ní èrò tèmi, àwa olùkọ́ èdè Yorùbá ni ó yẹ kí iṣẹ́ kíkọ-sílẹ̀ yìí já lé léjìká, a kò sì tíì ṣe é bí ó ti yẹ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí ni ìbora alábùlẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú àṣà Yorùbá. Akẹgbẹ́ mi kan tilẹ̀ sọ ọ́ fún mi pé àṣà òyìnbó ni èyí, pé lọ́dọ̀ tiwa, aṣọ tí a bá ti lẹ̀ mọ́ra, aṣọ òtòṣì ni. Ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni òótọ́. Lóòótọ́, a kì í fi alábùlẹ̀ lọ sí òde àríyá. Ṣùgbọ́n ó gbàgbé aṣọ alábùlẹ̀ tí ó níyì jùlọ ní ilẹ̀ Yorùbá, ìyẹn ẹ̀kú egúngún. Bí a bá wo ẹ̀kú àwọn egúngún bíi paka, kí ni a rí? Aṣọ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí ó ń já wálẹ̀ láti orí, ọ̀kan lórí èkejì, àrán lórí àǹkárá, àǹkárá lórí òfì, tí a fi ìrépé pupa ṣe etí rẹ̀ ní ṣónṣó-ṣónṣó bí eyín ayùn. Àwọn ọmọ ìdílé ni ó ń mú aṣọ wọ̀nyí wá. Bí ọdún egúngún bá ti ń yípo ni wọ́n ń fi tuntun kún un, tí èyí tí ó ti gbó ṣì wà lábẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kú bẹ́ẹ̀, òfì aláró àti funfun, irú èyí tí a fi ń dì òkú, ni ó máa ń súnmọ́ ara jùlọ. Ẹni tí ó bá tú u láti òde wọ inú, ìran kan sí ìran kejì ni yóò máa bá pàdé. Bí èyí kì í bá ṣe aṣọ ìrántí ìdílé, n kò mọ ohun tí a tún lè pè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú irú ẹ̀kú yìí wà ní Brooklyn Museum ní ìlú New York báyìí. Ọdún 1998 ni ó dé ọwọ́ wọn. Ní ọdún 2019, wọ́n ṣe àfihàn kan tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní “One: Egúngún”, ẹ̀kú kan ṣoṣo náà ni wọ́n sì gbé gbogbo àfihàn lé. Ohun tí wọ́n rí lára rẹ̀ ju 300 oríṣi aṣọ lọ, láti Áfíríkà, láti Yúróòpù àti láti Éṣíà: òwú, irun àgùntàn, sílíìkì àti àwọn aṣọ ilé-iṣẹ́ ìgbàlódé. Àkọlé tí ó wà lára rẹ̀ sọ pé agbo ilé Lekewọgbẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti ṣe é, láàárín nǹkan bí ọdún 1920 sí 1948. Mo gbóríyìn fún wọn pé wọ́n wá orúkọ agbo ilé náà rí. Ọ̀pọ̀ ohun ìní wa ni ó wà lókè òkun tí a kọ “Yorùbá” sí lára, tí kò sì sí ohun mìíràn níbẹ̀.

Síbẹ̀, orúkọ ẹni tí ó rán an kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ lè fi awò ẹlẹ́rọ wo fọ́nrán òwú kí wọ́n sì mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ ni ó hun ún tàbí ọwọ́, ṣùgbọ́n awò wo ni yóò sọ fún wọn pé ìyàwó ilé báyìí ni ó mú àrán yìí wá nígbà tí ó bí ìbejì? Ó ju 300 aṣọ lọ, ó sì ṣeé ṣe kí ó ju 300 ìtàn lọ. Nígbà tí ẹ̀kú náà ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ìtàn náà wà lẹ́nu àwọn àgbà ilé. A kò lè dá ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí lẹ́bi pé kò ní ohun tí àwa tí a wà nílé kò kọ.

Àwọn mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni ó ń dà wọ́n láàmú. Nígbà tí àbúrò mi ń rán aṣọ náà lọ́wọ́, ẹnìkan nínú àwọn àna wa kìlọ̀ fún un pé ẹni tí ó ń kó aṣọ òkú jọ ń pe òkú. Onígbàgbọ́ ni mo jẹ́, n kò sì fojú kékeré wo irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Mo mọ ìdílé tí ó jó ẹ̀kú baba wọn níná ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tí ó sì jẹ́ pé nígbà tí ọmọ wọn kan wá ń kàwé gboyè, ọ̀dọ̀ mi ni ó ti wá ń béèrè oríkì ilé wọn. Kò sí ẹni tí ó ní kí a bọ aṣọ. Ìyá wa kò bọ ẹtù bàbá wa, wọ́n kàn tọ́jú rẹ̀ ni. Bí àwòrán òkú tí a gbé kọ́ ara ògiri pálọ̀ kò bá sọ wá di abọ̀rìṣà, n kò rí bí ìrépé léèsì yóò ṣe sọ wá dà bẹ́ẹ̀.

Bí a bá sì gbójú sókè díẹ̀, a ó rí i pé kì í ṣe àwa nìkan. Àwọn aládùúgbò wa ní Àbọ̀mì, ní orílẹ̀-èdè Benin, a máa gé aṣọ ní àwòrán lẹ mọ́ orí aṣọ mìíràn láti sọ ìtàn àwọn ọba Dàhómì: kìnnìún fún Glèlè, ẹja àkurákudà fún Béhanzin. Ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti etíkun wa, a tún bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pàdé. Ní ọdún 1942, obìnrin kan tí ń jẹ́ Missouri Pettway, ní Gee's Bend ní ìpínlẹ̀ Alabama, pàdánù ọkọ rẹ̀. Ó kó àwọn aṣọ iṣẹ́ oko ọkùnrin náà, ó tú wọn, ó sì rán wọn pọ̀ di ìbora kí ó lè máa rántí rẹ̀. Orókún ṣòkòtò tí iṣẹ́ ti gbó hàn kedere lára rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Arlonzia, tí ó wà níbẹ̀, ni ó sọ ìtàn náà fún aráyé. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, ìbora ṣòkòtò gbígbó ni à bá máa wò.

Ṣùgbọ́n ti Harriet Powers ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ fi sọ́kàn. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Georgia ní ọdún 1837. Lẹ́yìn tí ó di òmìnira, ó rán ìbora kan tí ó gé àwòrán ìtàn inú Bíbélì lẹ̀ mọ́, ojú àwòrán 11. Ní ọdún 1886, Jennie Smith, tí ó jẹ́ olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní ìlú Athens, rí i níbi ìpàtẹ òwú kan, ó sì fẹ́ rà á. Powers kò tà á. Nígbà tí ó ṣe tí ọwọ́ há, ó mú un wá. Dọ́là 10 ni ó pè é, dọ́là 5 ni ó gbà. Kí ó tó yọwọ́ kúrò lára rẹ̀, ó ṣàlàyé ojú àwòrán kọ̀ọ̀kan fún Smith, Smith sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, a gbọ́ pé Powers a máa padà wá wo aṣọ rẹ̀. Inú mi kì í dùn bí mo bá rántí dọ́là márùn-ún yẹn. Síbẹ̀, òní ni òní jẹ́, aṣọ náà wà ní Smithsonian ní Washington, a sì mọ ohun tí ojú kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí lẹ́nu ẹni tí ó rán an, nítorí pé olùkọ́ kan jókòó tì í, ó sì di gègé mú.

Kí ni ó wá kù fún wa láti ṣe? Mo dá a lábàá pé kí ẹ̀ka wa sọ ọ́ di iṣẹ́ àṣetiléwá fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ NCE ọdún kejì, kí wọ́n tó jáde lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ni kọ́ra: aṣọ kan, àgbàlagbà kan, ojú ìwé méjì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá àgbà kan nínú ìdílé rẹ̀ tàbí ní àdúgbò rẹ̀, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ, kí ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi aṣọ tí ẹ tọ́jú jùlọ hàn mí.” Kí ó béèrè orúkọ aṣọ náà, ẹni tí ó hun ún tàbí tí ó rẹ ẹ́ ní aró, ọjà tí wọ́n ti rà á, ayẹyẹ tí wọ́n fi ṣe, àti àwọn tí wọ́n jọ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Kí ó kọ ọ́ ní ohùn ẹni tí ó sọ ọ́, ẹ̀ka èdè tí ó bá sì lò ni kí ó kọ. Bí ènìyàn méjì bá sọ ìtàn tí ó takora, kí ó kọ méjèèjì. Kí ó má ṣe dá ẹjọ́.

Mo ti dán an wò nínú kíláàsì mi. Ìbẹ̀rẹ̀ kò rọrùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò mọ̀ ju “aṣọ òkè” lọ. Àlàárì, kíjìpá, ẹtù, aṣọ òkè ni gbogbo rẹ̀ lójú wọn. Ọ̀kan mú ìborùn ìyá bàbá rẹ̀ wá, ó kọ ọ́ pé wọ́n wọ̀ ọ́ níbi ìgbéyàwó. Mo ní kí ó padà lọ béèrè ìgbéyàwó ta ni. Ó wá já sí pé ìgbéyàwó tí kò wáyé ni: wọ́n ti ra aṣọ náà kí ọkọ àfẹ́sọ́nà tó kú. Ìyá àgbà náà kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ wọn rí. Nígbà tí wọ́n bi í wọ́n tán, wọ́n ní kò sí ẹni tí ó béèrè ni. Mo rò pé akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kò ní gbàgbé ohun tí ń jẹ́ ìborùn mọ́, bí n kò tilẹ̀ kọ́ ọ ní ìmọ̀ ẹ̀dá-ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí n má fi ohun kan pamọ́: n kò fara mọ́ gbogbo ohun tí àbúrò mi ṣe. Ó gé Olóba. Nígbà tí a wá mọ ohun tí ó jẹ́, ọ̀bẹ ti kọjá lára rẹ̀, adé sì wà lójú ìrépé kan nígbà tí ọrùn ọba wà ní òmíràn. Òun ní aṣọ tí a kò gé, inú àpótí ni ì bá ṣì wà títí ikán yóò fi jẹ ẹ́, pé gígé tí òun gé e ni ó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ wò ó. A kò tíì parí ìjà yìí. Ìmọ̀ràn tèmi fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ni pé kí ó kọ́kọ́ ya fọ́tò odidi aṣọ náà, kí ó pe àwọn àgbà jọ, kí ó sì fi èyí tí ó bá ju ìran méjì lọ sílẹ̀ láìgé. Ó lè gé ìwọ̀nba díẹ̀ ní ìṣẹ́tí rẹ̀ níbi tí kò sí àwòrán. Kí ó má ṣe fi í sínú ọ̀rá, nítorí ọ̀rá a máa pa ọ̀rinrin mọ́. Kí ó fi aṣọ funfun tí ó mọ́ wé e, kí ó sì máa ká a lọ́nà tí ó yàtọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ó má baà ya ní ojú ìká.

Àbúrò mi ti fi òwú dúdú kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn ìrépé kọ̀ọ̀kan, láti 1 dé 24, a sì ti kọ ìtàn tí ó bá nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lọ sínú ìwé àjákọ kan tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Ní nọ́ńbà 17, ìyẹn aṣọ olódòdó wẹ́wẹ́ náà, a kọ ọ̀rọ̀ àbúrò ìyá wa, a sì kọ ti ẹ̀gbọ́n wa sí abẹ́ rẹ̀. A fi ojú ìwé kan sílẹ̀ lófìfo lẹ́yìn wọn, nítorí ọ̀rẹ́ ìyá wa kan tí wọ́n jọ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣì wà láàyè ní Abẹ́òkúta, a ó sì lọ kí wọn kí ọdún tó parí. Ní ti iṣẹ́ àṣetiléwá tí mo mẹ́nu bà, mo ti tẹ àwọn ìbéèrè rẹ̀ sí ojú ìwé kan. Olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ lò ó lè wá gba ẹ̀dà kan ní ọ́fíìsì mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn agogo méjì ọ̀sán.